Ẹ má ka iye ibùdókọ̀: ìdáhùn fún ẹni tó ń mú ìyá rẹ̀ lọ sí Delhi

Ìbéèrè tó wọlé láti Abẹ́òkúta rèé: "Ẹ kú iṣẹ́ o. À ń mú ìyá wa, ẹni ọdún 71, lọ sí Delhi ní India lóṣù tó ń bọ̀ fún iṣẹ́ abẹ orúnkún. Èmi àti àbúrò mi ọkùnrin la jọ ń lọ. Ilé àlejò kan nítòsí ilé ìwòsàn ní Jasola la máa dé sí, a ó sì lò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà níbẹ̀. Ẹni tó bá wa ṣètò ìrìn àjò ní ká má gbìyànjú Metro, reluwé ìgboro wọn, rárá, pé kì í ṣe fún àgbàlagbà, pé táksí nìkan ni. Ọ̀rẹ́ mi tó kàwé ní Delhi ní irọ́ ni, pé Metro ló dáa jù, kódà láti pápákọ̀ òfuurufú. Ọ̀rọ̀ ta ni ká gbà? Ṣé lóòótọ́ ni pé àbúrò mi ò ní lè bá wa wọ kóòṣì kan náà? Ṣé káàdì kan sì lè tó àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?"

Kò sí ẹni tó purọ́ nínú àwọn méjèèjì. Ìrìn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń rò. Ọ̀kan ń ro ọjọ́ tí ẹ máa gúnlẹ̀ pẹ̀lú àpótí rẹpẹtẹ àti ìyá tí orúnkún ń dùn. Èkejì ń ro akẹ́kọ̀ọ́ tó gbé báàgì kan kọ́ èjìká, tó lè sáré gun àtẹ̀gùn. Nínú Metro Delhi, jíjókòó sínú ọkọ̀ kì í ṣe wàhálà fún àgbàlagbà: ọkọ̀ náà mọ́, ó tutù, kì í sì í já ènìyàn sókè sódò. Ibi tó ti ń rẹ̀ wọ́n ni ibi tí wọ́n ti ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ kan láti lọ wọ òmíràn, àti ìrìn láti géètì ibùdókọ̀ dé ẹnu ọ̀nà ibi tí wọ́n ń lọ gan-an. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá ń mú aláìsàn lọ síbẹ̀ pé kó má ka iye ibùdókọ̀, iye ìgbà tó máa pààrọ̀ ọkọ̀ ni kó kà. Ibùdókọ̀ mẹ́tàdínlógún láìpààrọ̀ sàn fún ìyá yín ju mẹ́sàn-án tó ní ìpààrọ̀ méjì nínú lọ.

Ẹ jẹ́ ká mú máàpù. Metro Delhi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní December 2002 pẹ̀lú ọ̀nà kúkurú kan ṣoṣo. Lónìí ó ti tàn káàkiri ìlú náà, ó sì ti wọ àwọn ìlú tó yí i ká, bíi Gurugram, Noida àti Faridabad. Àwọ̀ ni wọ́n fi ń pe ọ̀nà kọ̀ọ̀kan: Yellow, Blue, Violet, Pink, Magenta, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọ̀ yìí náà lẹ máa rí lára pátákó. Láwọn ibi ìpààrọ̀ ńlá, wọ́n tún ya àtẹ́lẹsẹ̀ aláwọ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ kàn tẹ̀ lé àwọ̀ ọ̀nà tí ẹ fẹ́ wọ̀ ni. Jasola Apollo ni ibùdókọ̀ tiyín ń jẹ́, orí Violet Line ló sì wà, èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti Kashmere Gate ní àríwá, tó sì parí sí Raja Nahar Singh ní Ballabhgarh níhà gúúsù. Orúkọ ibi tí ọkọ̀ máa parí ìrìn sí ni wọ́n ń kọ sórí pèpéle tí èrò ti ń dúró de ọkọ̀ àti síwájú ọkọ̀, wọn kì í kọ "ìgboro" tàbí "àríwá". Tí ẹ bá ń lọ sáàárín ìlú, Kashmere Gate ni kí ẹ wá. Tí ẹ bá ń padà bọ̀, ìbáà kọ Raja Nahar Singh, ìbáà kọ Badarpur Border, ẹ wọ̀ ọ́, torí pé àwọn méjèèjì ló máa kọjá Jasola Apollo kí wọ́n tó dúró pátápátá.

Orí Violet Line yìí ni oríire yín wà, ọ̀pọ̀ àlejò ni kì í sì í mọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lọ sí Connaught Place, níbi tí àwọn báńkì, ilé oúnjẹ àti ṣọ́ọ̀bù ńlá pọ̀ sí, Rajiv Chowk ni gbogbo ènìyàn máa ń darí rẹ̀ sí. Òótọ́ ni pé abẹ́ Connaught Place gan-an ni Rajiv Chowk wà, ṣùgbọ́n láti Jasola ẹ gbọ́dọ̀ pààrọ̀ ọkọ̀ kí ẹ tó débẹ̀, ibẹ̀ sì ni Yellow àti Blue ti pàdé, èrò a máa ya bí omi ni. Ẹ jókòó yín jẹ́ẹ́ sínú Violet títí dé Janpath, ibùdókọ̀ kejìlá sí tiyín. Ẹ máa rìn díẹ̀ tí ẹ bá jáde, ẹ ti dé Connaught Place nìyẹn, ẹ ò pààrọ̀ ohunkóhun. Bákan náà ni tí ẹ bá fẹ́ mú ìyá lọ wo ààfin pupa ìgbàanì tí wọ́n ń pè ní Red Fort: ìwé àwọn arìnrìn-àjò àtijọ́ á ní kí ẹ sọ̀ ní Chandni Chowk lórí Yellow Line. Ṣùgbọ́n láti ọdún 2017 ni Violet ti dé ibùdókọ̀ Lal Quila, orúkọ ààfin náà ní èdè Hindi. Ibùdókọ̀ mẹ́tàdínlógún ni láti ọ̀dọ̀ yín, ìjókòó kan ṣoṣo. Jama Masjid, mọ́sálásí ńlá ìgboro àtijọ́, ni ibùdókọ̀ tó ṣáájú rẹ̀.

Ní báyìí, ibi tí Metro ò ti wúlò fún yín. Ká ní dókítà ní kí ẹ lọ gba ìmọ̀ràn dókítà mìíràn ní ilé ìwòsàn kan ní àdúgbò Saket. Lórí máàpù, kò jìnnà: ibùdókọ̀ mẹ́ta lórí Violet dé Kalkaji Mandir, márùn-ún lórí Magenta dé Hauz Khas, ọ̀kan lórí Yellow dé Malviya Nagar, níbi tí ẹ máa sọ̀ sí. Mẹ́sàn-án péré. Ṣùgbọ́n ẹ ti pààrọ̀ ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, pèpéle Magenta ní Hauz Khas sì jìn tó mítà 29 sísàlẹ̀ ilẹ̀. Láti ibẹ̀ gòkè wá sí Yellow, ẹ máa gun àtẹ̀gùn oníná kan tẹ̀ lé òmíràn, tàbí kí ẹ wá lífìtì lọ sí lífìtì. Akẹ́kọ̀ọ́ á ṣe é ní ìṣẹ́jú mélòó kan. Ẹni tó ń fi wọ́kà (irin tí aláìsàn ń dì mú) rìn, á ti rẹ̀ ẹ́ kó tó rí dókítà. Irú ìrìn bẹ́ẹ̀, ẹ wọ táksí. Lajpat Nagar náà nìyẹn, níbi tí Violet ti pàdé Pink: òkè afárá ni Violet ń gbà níbẹ̀, abẹ́ ilẹ̀ ni Pink wà, gbogbo gíga àárín wọn sì lẹ máa sọ̀ kalẹ̀. Tí ó bá jẹ́ ẹ̀yin tàbí àbúrò yín nìkan ló ń lọ ra ẹja tútù àti ẹran ní ọjà INA, Lajpat Nagar dáa, ibùdókọ̀ méjì péré ló kù lórí Pink láti ibẹ̀. Ìyá kọ́ lẹ máa mú gba ibẹ̀.

Ti pápákọ̀ òfuurufú wá ńkọ́? Terminal 3 ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òfuurufú láti ilẹ̀ òkèèrè ń balẹ̀ sí, reluwé kan tí wọ́n ń pè ní Airport Express sì wà lábẹ́ rẹ̀ tó ń gbé èrò dé ibùdókọ̀ New Delhi ní nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Ìyìn tó yẹ ẹ́ ni ọ̀rẹ́ yín fún un. Àmọ́ Jasola kọ́ ni New Delhi. Láti New Delhi ẹ máa wọ Yellow, ẹ ó sọ̀ ní Central Secretariat, ẹ ó tún wọ Violet. Àwọn kan á ní kí ẹ sọ̀ ní Dhaula Kuan kí ẹ lè bọ́ sórí Pink ní ibùdókọ̀ Durgabai Deshmukh South Campus. Ohun tí wọn kì í sọ ni pé afárá ẹlẹ́sẹ̀ tó so àwọn méjèèjì pọ̀ gùn ju kìlómítà kan lọ. Òótọ́ ni pé wọ́n fi ilẹ̀ tó ń gbé ènìyàn lọ sí i, síbẹ̀ ó ní ibi tí ẹsẹ̀ ẹni máa rìn. Ẹ fi ẹrù kún un: òfin Metro ò gbà ju báàgì kan tí kò wúwo ju kílò 25 lọ fún èrò kọ̀ọ̀kan, èyí tí ẹ bá sì gbé, gbogbo ẹ̀ ló máa gba inú ẹ̀rọ àyẹ̀wò kọjá. Lọ́jọ́ tí ẹ bá dé, ẹni tó ṣètò fún yín ló jàre. Tí ilé ìwòsàn ò bá rán ọkọ̀ wá pàdé yín, ẹ lọ sí kátà tí wọ́n kọ Prepaid Taxi sí, ẹ sọ ibi tí ẹ ń lọ, ẹ san owó, wọ́n á fún yín ní ìwé. Ẹ má fa ìwé yẹn lé awakọ̀ lọ́wọ́ àyàfi tí ẹ bá ti dé ẹnu ọ̀nà ilé àlejò, torí ìwé yẹn ló máa fi gba owó rẹ̀. Tó bá ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó lè já yín sílẹ̀ níbi tó bá wù ú.

Ọ̀rọ̀ kóòṣì obìnrin, àgbọ́sọdá pọ̀ nínú rẹ̀. Kóòṣì àkọ́kọ́, èyí tó wà níwájú pátápátá níhà ibi tí ọkọ̀ ń lọ, ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún obìnrin. Àmì aláwọ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́ wà lórí pèpéle tó ń fi ibi tó máa dúró sí hàn. Ọkùnrin tó bá wọ̀ ọ́ máa san owó ìtanràn, àwọn obìnrin inú rẹ̀ gan-an ló sì máa kọ́kọ́ lé e jáde kí ọlọ́pàá tó dé. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó fi dandan lé e pé kí obìnrin jókòó síbẹ̀. Kóòṣì yòókù wà fún tọkùnrin tobìnrin, ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì lè jókòó pọ̀ níbẹ̀. Kóòṣì kọ̀ọ̀kan ló ní ìjókòó tí wọ́n kọ orúkọ àgbàlagbà àti aláàbọ̀ ara sí. Tí ọ̀dọ́ bá jókòó síbẹ̀, ẹ kàn tọ́ka sí àmì náà kí ẹ fi ìyá hàn án. Wọ́n máa ń dìde. Tí ọkọ̀ bá kún gan-an, èmi á ní kí ẹ̀yin àti ìyá wọ ti obìnrin, kí àbúrò yín wọ kóòṣì kejì, kó sì dúró sí ìpẹ̀kun rẹ̀ tó sún mọ́ yín. Kò sí ilẹ̀kùn láàárín kóòṣì méjèèjì, ẹ ó máa rí ara yín. Ohun tó máa ń tan àlejò jẹ ni pé nígbà tí ẹ bá ń padà, ìpẹ̀kun kejì ni iwájú ọkọ̀ máa wà.

Káàdì kan kò lè tó ènìyàn mẹ́ta. Ẹ̀rọ tó wà ní géètì máa ń ka ẹni tó wọlé àti ẹni tó jáde lórí káàdì kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ bá fi ọ̀kan wọlé lẹ́ẹ̀kan, kò ní ṣílẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kejì títí ẹni àkọ́kọ́ á fi jáde níbòmíràn. Ẹni tó bá ti lo káàdì Cowry lórí reluwé Èkó ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi kan ẹ̀rọ. Kátà inú ibùdókọ̀ ni kí ẹ ti ra mẹ́ta, owó kéréje ìlú wọn ni kí ẹ sì fi san án. Rúpì 150 ló máa ń jẹ́ láti bẹ̀rẹ̀, 50 nínú rẹ̀ jẹ́ ti káàdì fúnra rẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ káàdì lè ra tíkẹ́ẹ̀tì onípépà tó ní àmì QR lójú. Kí ó má ká a, kí ó má sì rún un mọ́wọ́, torí ẹ̀rọ máa tún kà á nígbà tó bá ń jáde. Tí àmì náà bá ti bàjẹ́, ẹ ó lọ tò sí kátà. Tíkẹ́ẹ̀tì orí WhatsApp àti ti áàpù wà, ṣùgbọ́n ọ̀nà ìsanwó àwọn ará ibẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún, káàdì báńkì wa sì sábà máa ń kọ̀ lórí wọn. Ẹ má fi àkókò yín ṣòfò síbẹ̀.

Owó ọkọ̀ kò tó nǹkan tí èèyàn ń bá ara rẹ̀ jà lé lórí. Láti August 2025, rúpì 11 ni fún ìrìn tí kò ju kìlómítà 2 lọ, 21 títí dé kìlómítà 5, 32 títí dé 12, 43 títí dé 21, 54 títí dé 32, àti 64 fún èyí tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjọ́ Sunday àti ọjọ́ ìsinmi ìjọba, ó máa ń dín. Káàdì ní ẹ̀dínwó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n sì tún máa ń fi ìdá mẹ́wàá mìíràn kún un fún ẹni tó bá wọlé kí aago mẹ́jọ àárọ̀ tó lù, tàbí láàárín aago méjìlá sí márùn-ún, tàbí lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ẹ̀dínwó yẹn kọ́ ló yẹ kí ẹ máa lé. Ẹ wo wákàtí tí wọ́n fi í sí. Àkókò tí ọkọ̀ ṣófo ni. Láàárín aago mẹ́jọ sí mẹ́wàá ààbọ̀ àárọ̀, àti márùn-ún sí mẹ́jọ ìrọ̀lẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ ló ń wọ́ lọ wọ́ bọ̀, ẹni tó ní wọ́kà lọ́wọ́ ò sì ní ibi tó máa gbé e sí. Ẹ máa fi ìrìn ìyá sí àárín aago méjìlá sí mẹ́rin ọ̀sán. Tí ilé ìwòsàn bá fún yín ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ní ibòmíràn láàárín ìlú, ẹ má bá Metro jìjàkadì lọ́jọ́ yẹn.

Kí ẹ tó dé géètì, wọ́n á yẹ̀ yín wò. Báàgì á gba inú ẹ̀rọ kọjá, èèyàn á gba abẹ́ férémù tó ń dún tó bá rí irin, lẹ́yìn náà wọ́n á fọwọ́ yẹ ara wò. Ìlà obìnrin yàtọ̀ sí ti ọkùnrin, inú yàrá kékeré oníkọ́tìnì ni obìnrin ti ń yẹ obìnrin wò. Oògùn kì í dá wàhálà sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ mú ìwé dókítà dání. Ọ̀bẹ tí ẹ fi ń bó èso, ẹ fi sílé. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, tí wọ́n bá ti fi irin sí orúnkún ìyá, ẹ̀rọ á dún ní gbogbo ìgbà tó bá kọjá. Ẹ fọwọ́ tọ́ka sí orúnkún, ẹ fi ìwé ilé ìwòsàn hàn, wọ́n á jẹ́ kó lọ. Nínú ọkọ̀, jíjẹun àti jíjókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ tó ní owó ìtanràn. Mo mẹ́nu bà á nítorí pé ẹni tó bá ti sun ilé ìwòsàn mọ́jú, ilẹ̀ lásán ni ara rẹ̀ máa fẹ́.

Lífìtì wà láwọn ibùdókọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo géètì ló ní in. Géètì tó ní lífìtì ní nọ́ńbà tirẹ̀, máàpù tó wà lára ògiri sì ń fi àmì rẹ̀ hàn. Ẹ kọ́kọ́ wò ó kí ẹ tó fi káàdì jáde, torí tí ẹ bá ti jáde sí ìhà tí kò yẹ, àtẹ̀gùn lẹ máa bá, tàbí títì tí ẹ gbọ́dọ̀ sọdá. Ní Jasola Apollo pàápàá, òkè ni ibùdókọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mathura Road, ọ̀nà tó fẹ̀ tí ọkọ̀ ti ń sáré. Ẹ béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ géètì tó bọ́ sí ìhà ilé ìwòsàn kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀. Ẹ lè béèrè kẹ̀kẹ́ aláìsàn ní kátà tí wọ́n kọ Customer Care sí, òṣìṣẹ́ á sì tì í dé pèpéle. Kò sí ìdí láti tijú. Ilẹ̀kùn ọkọ̀ kì í ṣí pẹ́, nítorí náà kí àbúrò yín kọ́kọ́ wọlé, kó gba wọ́kà, kí ìyá tẹ̀ lé e, kí ẹ̀yin gbẹ̀yìn. Tí ilẹ̀kùn bá pa ẹnìkan mọ́ ìta, ẹ má ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Kí ẹni tó wà nínú sọ̀ ní ibùdókọ̀ tó kàn, kó dúró sójú kan, kí ẹni tó kù wọ ọkọ̀ tó tẹ̀ lé e wá bá a. Ẹ fẹnu kò lórí èyí kí ẹ tó jáde nílé.

Ọ̀sẹ̀ mélòó lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ni ìyá lè wọ Metro? Èmi kọ́ ni mo máa sọ ìyẹn, dókítà àti ẹni tó ń bá a na ẹsẹ̀ ni. Ohun tí mo lè sọ ni ohun tí Metro máa béèrè lọ́wọ́ rẹ̀: kó lè dúró tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìjókòó, kó lè rìn tó igba mítà, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì lè kọjá àlàfo kékeré tó wà láàárín pèpéle àti ọkọ̀. Ẹ gbé mẹ́ta yìí síwájú wọn bí mo ṣe kọ ọ́, wọ́n á dá yín lóhùn tààrà. Ṣáájú iṣẹ́ abẹ, nígbà tí ẹ bá ń dúró de àbájáde àyẹ̀wò, ìgbà yẹn ni mo rò pé Janpath àti Red Fort máa dùn ún. Kí ó mú ìborùn dání, ìtutù inú ọkọ̀ náà kì í ṣeré, pàápàá tí ẹ bá ti inú oòrùn May tàbí June tó ń kọjá ìwọ̀n 40 wọlé.

Láti ibùdókọ̀ dé ilé àlejò, ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta bíi Márúwá ló pọ̀ jù. Àwọn aláwọ̀ ewé àti òféfèé wà, tí wọ́n ń pè ní auto. Àwọn oníbátìrì tó ń gbé èrò mẹ́rin pọ̀ náà wà. Auto ní mítà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn ò ní tàn án fún àlejò, nítorí náà ẹ ná an kí ẹ tó gun, ẹ sì mú owó kéréje dání, "mi ò ní ṣéńjì" wọ́pọ̀ níbẹ̀ bíi tilé. Tí ẹ kò bá fẹ́ ìnájà, Uber ń ṣiṣẹ́ ní Delhi, ó sì ń gba owó ọwọ́. Fún ìyá, ọkọ̀ onílẹ̀kùn mẹ́rin ni kí ẹ pè, kì í ṣe auto, torí àtẹ̀gùn auto ga fún orúnkún tuntun, kò sì sí ohun tó dáàbò bo ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí awakọ̀ bá yà lójijì. Ní nǹkan bí aago mọ́kànlá alẹ́ ni Metro ń palẹ̀ mọ́, kì í sì í tún bẹ̀rẹ̀ títí di àárọ̀ kùtù. Nítorí náà ẹ gba nọ́ńbà awakọ̀ kan tó ń gbé nítòsí lọ́wọ́ onílé àlejò yín lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí ẹ sì tún gba nọ́ńbà ọkọ̀ pàjáwìrì ilé ìwòsàn náà, kí ẹ kọ méjèèjì sára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ìyá.